Orin Tí A Fi Ń Dán Gìtá Wò

Ẹni tó bá fẹ́ ra gìtá kì í kọ́kọ́ béèrè iye rẹ̀. Yóò gbé e lé itan, yóò tẹ orí sí i, yóò yí kọ́kọ́rọ́ kan tàbí méjì kí ohùn àwọn okùn lè bára mu, lẹ́yìn náà ni ọwọ́ rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ orin kan tí òun fúnra rẹ̀ kò pinnu tẹ́lẹ̀. Orin tí ọwọ́ dá bẹ̀rẹ̀ yẹn ni ọ̀rọ̀ mi dá lé lórí. Lórí pèpéle, onígìtá ti múra sílẹ̀ fún wa. Nínú ṣọ́ọ̀bù, pẹ̀lú ohun èlò tí kì í ṣe tirẹ̀, tí àwọn tí kò mọ̀ ọ́n rí sì yí i ká, ohun tó ti pẹ́ jù lọ nínú ìka rẹ̀ ló máa ń jáde. Ẹ ó gbọ́ ẹni tó kọ́ ọ níṣẹ́, ẹ ó gbọ́ ìgbà tó ṣe èwe, ẹ ó sì gbọ́ ohun tó ń wá lára gìtá náà.

Kò sí ibi tí mo ti gbọ́ ọ yé mi tó Lọ́ńdọ̀nù. Àbúrò mi kan tí wọ́n bí sí Peckham ti ń yá gìtá ṣọ́ọ̀ṣì wọn lò fún ìgbà pípẹ́, ó wá tu owó jọ láti ra tirẹ̀. Nígbà tó gbọ́ pé mo ń bọ̀, ó ní, “Bọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi lọ sí Denmark Street. Bí mo bá dá lọ, wọn á mọ̀ pé n kò mọ nǹkan kan.” Mo ní kò sí wàhálà, a ó jọ lọ.

Ọjọ́ Sátidé la lọ. A sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ ní Tottenham Court Road. Ẹni tó bá jáde níbẹ̀ lónìí, Outernet ni yóò kọ́kọ́ rí, ilé tí ara ògiri rẹ̀ ń tan àwòrán tó ń rìn láti òkè dé ilẹ̀. Wọ́n ti wó ilé púpọ̀ ládùúgbò yìí nítorí ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin Elizabeth tí wọ́n ṣí ní 2022. Gbọ̀ngàn Astoria tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ olórin ti ṣeré wà lára ohun tó bá a lọ. Ṣùgbọ́n ẹ kọrí sí Charing Cross Road, ẹ wo apá òsì yín, Denmark Street nìyẹn, òpópó kúkurú kan tó lọ parí sí ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì St Giles. Àwọn kan lára ilé ibẹ̀ ti wà láti ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, wọ́n sì fi òpópó náà sọrí George, ọmọọba Denmark tó fẹ́ Ọbabìnrin Anne.

Orin ni wọ́n ń tà níbẹ̀ kí wọ́n tó máa ta gìtá. Àwọn tó ń tẹ ìwé orin jáde ló kún ibẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ìwé ìròyìn Melody Maker bẹ̀rẹ̀ ní ojúlé 19 ní 1926, New Musical Express bẹ̀rẹ̀ ní ojúlé 5 ní 1952. Elton John ṣe ọmọ iṣẹ́ tó ń jíṣẹ́ kiri ní ọ́fíìsì kan níbẹ̀ kí ayé tó mọ orúkọ rẹ̀. Ní ojúlé 4, ní yàrá kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Regent Sounds, ni Rolling Stones ti gba ohùn àwo ńlá wọn àkọ́kọ́ sílẹ̀ ní 1964. Ṣọ́ọ̀bù gìtá ló wà nínú ilé yẹn báyìí, ẹnikẹ́ni tó bá sì fẹ́ lè jókòó níbẹ̀ kó máa dán gìtá wò.

A kò tíì wọ ṣọ́ọ̀bù kankan tí orin ti ń pàdé wa lójú ọ̀nà. Láti ojú fèrèsé kan, ọmọkùnrin kan ń tẹ ìbẹ̀rẹ̀ “Smells Like Teen Spirit” ti Nirvana. Ní ẹnu ọ̀nà kejì, “Seven Nation Army.” Nínú èyí tí a kọ́kọ́ wọ̀, ọkùnrin kan tó ti lé ní àádọ́ta ọdún kẹ̀yìn sí gbogbo wa, ó sì ń fi ìka kọ̀ọ̀kan mú “Stairway to Heaven” jẹ́jẹ́, bí ẹni pé kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́. Kí a tó jáde níbẹ̀, ẹlòmíràn tún ti bẹ̀rẹ̀ orin yẹn kan náà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì.

Àwọn tó ń ta gìtá ti gbọ́ orin wọ̀nyí títí ó fi sú wọn. Ní 1992, wọ́n ṣe fíìmù kan tó ń jẹ́ Wayne's World. Ọmọkùnrin inú rẹ̀ wọ ilé gìtá, ó gbé gìtá kan, kó tó tẹ̀ ẹ́ dé ibì kan òǹtajà ti na ìka sí àkọlé ara ògiri tó sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ tẹ “Stairway” níbẹ̀. Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ yẹn ti di àwàdà káàkiri ayé, tí àwọn ṣọ́ọ̀bù mìíràn sì gbé àkọlé bẹ́ẹ̀ kọ́ lóòótọ́. Èmi kò lè bá wọn rẹ́rìn-ín sí i. Mo ti rí ọmọdé tó gbé gìtá sílẹ̀ torí pé ẹnì kan rẹ́rìn-ín sí orin kan ṣoṣo tó mọ̀, kò sì padà gbé e mọ́. Yàtọ̀ sí ìyẹn, orin tí wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ yìí dára gan-an láti fi dán gìtá wò, mo sì fẹ́ ṣàlàyé ìdí rẹ̀.

Led Zeppelin gbé orin náà jáde ní 1971. Àárín ọrùn gìtá ni ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ wà, ní àgbègbè fírẹ́ẹ̀tì (irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú ọrùn) karùn-ún, níbi tí ọ̀pọ̀ gìtá olówó pọ́ọ́kú ti máa ń tú àṣírí ara wọn. Ohùn ìsàlẹ̀ ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ìdajì ìṣísẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, bẹ́ẹ̀ ni ohùn òkè ń gùn lọ. Ìka kọ̀ọ̀kan ló ń mú okùn kọ̀ọ̀kan, nítorí náà etí ń gbọ́ okùn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ó sì tún ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń dún pọ̀. Bí fírẹ́ẹ̀tì kan bá ga ju ìkejì lọ, yóò hàn. Bí okùn kan bá ń bo èkejì mọ́lẹ̀, yóò hàn. Kò tó ìṣẹ́jú kan tí gìtá náà yóò fi sọ nǹkan bíi mẹ́rin fún yín nípa ara rẹ̀. Lọ́ńdọ̀nù náà ni Jimmy Page, onígìtá Led Zeppelin, ti fi gìtá onígi, èyí tí kò lo iná, gba ìbẹ̀rẹ̀ yẹn sílẹ̀, ní ilé ìgbohùnsílẹ̀ ti Island ní Basing Street. Ilé iṣẹ́ Island yìí kan náà ló gbé àwo Juju Music ti King Sunny Adé jáde ní 1982, tí àwọn òyìnbó tí kò tíì gbọ́ gìtá jùjú rí fi wá mọ̀ pé gìtá bíi mélòó kan lè máa bá ara wọn sọ̀rọ̀ nínú orin kan láìjẹ́ pé ọ̀kan fún èkejì lọ́rùn.

“Smoke on the Water” ti Deep Purple ní ìwúlò tirẹ̀. Ẹni tí kò tíì kọ́ṣẹ́ rárá lè tẹ̀ ẹ́ lórí okùn kan ṣoṣo, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ orin àkọ́kọ́ àìmọye èèyàn. Ní December 4, 1971, ẹnì kan yin iná sí àjà ilé kàsínò ìlú Montreux ní Switzerland níbi tí Frank Zappa ti ń ṣeré lọ́wọ́, ilé náà sì jóná. Deep Purple wà nílùú náà láti gba àwo sílẹ̀, wọ́n rí èéfín tó tàn ká orí adágún omi, wọ́n fi kọrin. Orin tó ti inú iná jáde ni àwọn ọmọdé fi ń kí gìtá wọn àkọ́kọ́ títí dòní. Nígbà tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ sínú ẹ̀rọ agbóhùnsókè, kíákíá ni wọn yóò mọ̀ bóyá ẹ̀rọ náà lè gbé ohùn tó wúwo.

Ìdí tó tóbi jù, lójú tèmi, ni pé orin tí èèyàn mọ̀ dénú ló lè fi wọn ohun tí kò mọ̀. Bí mo bá tẹ orin kan lórí gìtá yìí, tí mo tẹ òmíràn lórí ìyẹn, kí ni mo fi wé kí ni? Orin kan náà lórí gìtá mẹ́ta, ìka kan náà, agbára kan náà, ìyàtọ̀ tó bá jáde kì í ṣe ti ọwọ́ mi mọ́. Bí onílù dùndún ṣe ń fún ọsán tó sì ń kan ojú ìlù wò kó tó lọ sóde nìyẹn, kì í dá àrà lásìkò yẹn, ohun tí etí rẹ̀ ti mọ̀ láti kékeré ló ń wá.

Nínú ṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́ tí a wọ̀ yẹn, mo béèrè lọ́wọ́ òǹtajà kan, obìnrin tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ náà, pé kí ni òun ń kọ́kọ́ tẹ̀ bí gìtá tuntun bá dé. Kò fọhùn. Ó já ọ̀kan sílẹ̀ lára ògiri, ó tẹ kọ́ọ̀dù E, èyí tí gbogbo okùn mẹ́fà ti ń dún, ó fi ọwọ́ ra wọ́n lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó sì dúró. Ó dúró títí ohùn náà fi tán pátápátá. Okùn tó nípọn jù ń gbọ̀n ní nǹkan bí ìgbà 82 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, èyí tó tín-ín-rín jù ń gbọ̀n ní nǹkan bí ìgbà 330, gbogbo igi gìtá náà ló sì ń bá wọn gbọ̀n. Ó ní kí n gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ẹ̀yìn rẹ̀ kí n mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn ìyẹn ló gbé orí gìtá sókè sí ojú, ó di ojú kan, ó wo ọrùn rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀ bóyá ó tẹ̀. Ó wá fọwọ́ kan okùn fẹ́rẹ́ ní òkè fírẹ́ẹ̀tì kejìlá tó jẹ́ ìdajì gígùn okùn, kó má tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ohùn tó dà bíi ti agogo sì jáde. Ó tún tẹ ibẹ̀ mọ́lẹ̀ gan-an, ó mú un. Ohùn méjèèjì ní láti bára dọ́gba. Bí wọn kò bá dọ́gba, gìtá náà yóò máa ṣi ohùn bí ọwọ́ bá ti ń gòkè, bó ti wù kí ẹ tún okùn rẹ̀ ṣe tó. Gbogbo rẹ̀ kò gbà ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Ó ní àwọn oníbàárà ń tijú òun, òun kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tijú, nítorí náà ni òun ṣe máa ń lọ to nǹkan ní ìpẹ̀kun ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n bá gbé gìtá. Mo fẹ́ràn obìnrin yẹn.

Ṣọ́ọ̀bù kejì la ti pàdé bàbá kan. Fìlà ló dé, gìtá onígi kan wà lórí itan rẹ̀, kò lo píìkì. Àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá nìkan ló ń ṣiṣẹ́, àtàǹpàkò ń rìn nísàlẹ̀, ìka kejì ń dá a lóhùn lókè, ọwọ́ náà kò sáré, kò sì dúró. Mo mọ ohun tó ń tẹ̀. Mo dúró, àbúrò mi náà dúró. Nígbà tó gbójú sókè, a dọ̀bálẹ̀ díẹ̀.

“Ẹ kú ọ̀sán, sà.”

“Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Ọmọ ibo ni yín?”

A sọ fún un. Mo ní, “Amponsah lẹ̀ ń tẹ̀ yẹn, sà.”

Inú rẹ̀ dùn. “Ìwọ náà mọ̀ ọ́n? Àwọn ọ̀gá wa ní Èkó, òun ni wọ́n kọ́kọ́ fi ń kọ́ wa. Bí ọ̀gá bá ń lọ ra gìtá, òun ló máa tẹ̀. Tí Amponsah kò bá ti dùn lórí rẹ̀, ó ti parí nìyẹn, a máa gbé e padà fún wọn.”

Orin Gánà ni “Yaa Amponsah.” Àìmọye orin háílàìfù ló jókòó lé orí ètò kọ́ọ̀dù rẹ̀. Kwame Asare, tí wọ́n tún ń pè ní Jacob Sam, ló kó ẹgbẹ́ rẹ̀ Kumasi Trio wá sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1928 tí wọ́n sì gba orin náà sílẹ̀ fún ilé iṣẹ́ Zonophone. Ọwọ́ atukọ̀ kan, ọmọ ẹ̀yà Kru láti Làìbéríà, ni ó ti kọ́ bí a ṣe ń fi ìka méjì tẹ gìtá. Àwọn Kru yìí ń bá ọkọ̀ òkun ṣiṣẹ́ láti èbúté dé èbúté, ibi tí wọ́n bá sì gúnlẹ̀ sí ní etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni wọ́n ń fi ìka méjì yìí sílẹ̀, ó dé Accra, ó dé Èkó, ó dé inú ilé ẹlẹ́mu. Bàbá yìí kò lọ Gánà rí, ó sọ fún wa. Ṣùgbọ́n ohun tí ọwọ́ rẹ̀ kọ́kọ́ tẹ̀ lórí gìtá tí kò mọ̀ rí, ọ̀nà tó gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ gùn ju ìrìnàjò tí a rìn wá lọ.

Ó tún ṣe ohun kan. Ó gbé ìka lé okùn kan ṣoṣo, ó yọ̀ ọ́ sókè sódò bí ohùn ṣe ń lọ, ohùn mẹ́rin: àárín, òkè, àárín, òkè. Ó wo àbúrò mi. “Kí ni mo sọ?”

Àbúrò mi rò ó. “Ẹ kú ilé?”

“O gbìyànjú. Ohùn rẹ̀ kan náà ni. Ṣé ilé ẹnì kan la wà ni? Ọkùnrin tó dúró nídìí owó yẹn ni mo ń kí. Ẹ kú iṣẹ́ ni mo wí.”

Ọkùnrin ìdí owó kò mọ̀ pé wọ́n kí òun. Èmi mọ̀ pé gìtá yẹn yege lójú Bàbá, torí pé okùn tí kò bá gbé ohùn dúró pẹ́ kò lè sọ Yorùbá. Olórin jùjú tó mọṣẹ́ ń wá èyí lára gìtá ju ẹwà rẹ̀ lọ. Gìtá líìdì a máa pe oríkì, a máa fún onílù lésì, a máa pe orúkọ ẹni tó dìde láti náwó. Bí ohùn bá ti kú kí ìka tó yọ̀ débi tó ń lọ, ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn. Kò sí nǹkan kan nínú ìwé tí ilé iṣẹ́ fi sínú àpótí gìtá tó lè sọ èyí fún yín, ẹ ní láti fi ẹnu gìtá sọ̀rọ̀ kí ẹ tó mọ̀.

Ó wá kan àbúrò mi. Ó ní ojú ń ti òun lẹ́yìn ohun tí Bàbá ṣe. Mo ní kó tẹ ohun tó máa ń tẹ̀ ní ọjọ́ Sunday. Kọ́ọ̀dù mẹ́ta ni, ti dò, ti fà àti ti sọ̀, orin ìyìn tí ẹnikẹ́ni tó bá ti wọ ṣọ́ọ̀ṣì wa rí lè pàtẹ́wọ́ sí. Ó jókòó sí kọ̀rọ̀, ó tẹ̀ ẹ́ lórí gìtá tí Bàbá gbé sílẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ lórí òmíràn tó ti fi ojú sí láti ìgbà tí a wọlé nítorí àwọ̀ rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ lórí ẹ̀kẹta tí mo mú wá fún un. Èyí tí àwọ̀ rẹ̀ dára, kọ́ọ̀dù sọ̀ kò mọ́ lórí rẹ̀, okùn kan ń kùn ní fírẹ́ẹ̀tì kẹta. Orin mìíràn ì bá má tilẹ̀ fi ọwọ́ kan ibẹ̀, ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an ni ọwọ́ rẹ̀ yóò máa padà sí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ti Bàbá dùn, owó rẹ̀ ló ga. Ẹ̀kẹta mọ́, ohùn rẹ̀ kò tóbi, okùn rẹ̀ kàn ga díẹ̀ jù sí ọrùn tí ó fi ń dun ìka. Bàbá ní kó mú ìyẹn. “Èyí tó ga, a lè rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Èyí tó ń kùn, ìwọ ni wàá máa bá a jà.” Ọkùnrin ìdí owó gbà láti bá wa rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, ó ní kí a rìn yípo díẹ̀ kí a tó padà.

A dágbére fún Bàbá, a gba Soho lọ. Berwick Street kò ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ láti ibẹ̀, mo sì fẹ́ kí àbúrò mi mọ̀ ọ́n. Ibẹ̀ ni kilọ́ọ̀bù Abalabi wà láwọn ọdún 1950, níbi tí Ambrose Campbell ti ń ṣeré pẹ̀lú ẹgbẹ́ rẹ̀, West African Rhythm Brothers. Èkó ni wọ́n bí i sí ní 1919. Ọmọ oníwàásù ni, ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì ló ti bẹ̀rẹ̀, àwọn òbí rẹ̀ kò sì fẹ́ kó bá àwọn olórin ẹlẹ́mu rìn. Iṣẹ́ ọkọ̀ òkun ló gbé e dé Gẹ̀ẹ́sì lásìkò ogun. Ní May 1945 tí ogun parí ní Yúróòpù, òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ gbé ìlù àti gìtá jáde sí Piccadilly, èrò sì tẹ̀ lé wọn. Brewster Hughes wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú gìtá tirẹ̀. Nígbà tó yá, Campbell kọjá sí Amẹ́ríkà, ó bá Leon Russell rìnrìn àjò orin, ó gbé ní Nashville, ó sì jáde láyé ní 2006. Àbúrò mi kò gbọ́ orúkọ yẹn rí, bẹ́ẹ̀ Lọ́ńdọ̀nù tí wọ́n bí àbúrò mi sí ni ọkùnrin yìí ti fi gìtá sọ Yorùbá fún àwọn òyìnbó kí wọ́n tó bí bàbá àbúrò mi. Mo sọ̀rọ̀ náà pẹ̀lú ìbínú díẹ̀, kì í ṣe sí òun. Ó yẹ kí orúkọ Campbell wà lára ògiri kan ládùúgbò yẹn, kí ọmọ Yorùbá tó bá ń kọjá lè rí i kà. A ra èso ní ọjà ojú pópó, àbúrò mi wá orin Campbell sórí fóònù rẹ̀, ó fi ohun ìgbọ́rọ̀ kan sí etí mi, ó fi ìkejì sí tirẹ̀, a sì ń gbọ́ ọ padà lọ.

Wọ́n ti parí iṣẹ́ lára gìtá nígbà tí a dé. Ọkùnrin náà fà á lé e lọ́wọ́, ó ní kó gbìyànjú rẹ̀ wò. Mo rò pé lẹ́yìn gbogbo ohun tó ti gbọ́ lọ́jọ́ yẹn yóò fẹ́ wá Amponsah lórí rẹ̀. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó padà sí dò, fà àti sọ̀ rẹ̀, orin ìyìn kan náà, ní ìwọ̀n eré kan náà, ó sì dúró pẹ́ lórí kọ́ọ̀dù sọ̀. Okùn ti wálẹ̀, kò sí èyí tó ń kùn. Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, ó ní, “Bọ̀dá mi, kò dun ìka mi mọ́,” ó sì lọ san owó rẹ̀.